Kò Fẹ́ Tẹ́, Kò sì Lè Tẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ajax, Akọni Ará Salamis

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wọn wá. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwà akin àti àléébù tó ń gbé akọni ṣubú nínú eré àjálù àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Mo mọ̀ pé Oedipus ni ọ̀pọ̀ yín ti ń retí, nítorí ẹ mọ Odéwálé. Láti 1968 tí Ola Rotimi ti fi ìtàn Oedipus ṣeré nílùú Ifẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971, ọmọ tó ń ka lítíréṣọ̀ nílẹ̀ yìí kò lè ṣàì gbọ́ nípa ọba tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀, tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká fún Odéwálé ní ìsinmi lónìí. Sophocles kan náà, òǹkọ̀wé eré ará Athens àtijọ́, tó kọ ìtàn Oedipus ló kọ ti Ajax, ti Ajax yìí ni mo sì fẹ́ kí a jọ tú wò.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí a sọ àléébù akọni, ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀ ni "ìgbéraga". Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́, olùkọ́ á fún un ní máàkì, ó parí. Ní ti Ajax, ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́. Ẹ máa tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ sí Athena, òòṣà obìnrin àwọn ará Gíríìsì, ẹ ó sì di etí yín. Àmọ́ ó kéré jù. Ó ń mú ká rò pé ènìyàn rere kan wà tí àbùkù kan lẹ̀ mọ́ lára bí ìdọ̀tí, pé bí a bá ti fọ ìdọ̀tí náà dànù, akọni á kù síbẹ̀ tónítóní. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ Ajax di Ajax gan-an ló pa á. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa dúró nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí iná ń bọ̀.

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó kọ̀wé lórí eré àjálù lẹ́yìn tí Sophocles ti kú, kò tilẹ̀ dárúkọ ìgbéraga níbi tó ti ń sọ ohun tó ń gbé akọni ṣubú. Ohun tó wí ni pé akọni irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni mímọ́, kì í sì í ṣe ìkà ènìyàn. Àṣìṣe kan ló bì í lulẹ̀. Nígbà tó sì ń pín àwọn eré náà sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, abẹ́ eré ìjìyà ló to àwọn tó dá lórí Ajax sí. Ìyẹn náà tó fún un. Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ Telamon ni Ajax, láti Salamis, erékùṣù kékeré kan tí kò jìnnà sí Athens. Ọkọ̀ ojú omi 12 péré ló kó lọ sí ogun Troy, nígbà tí Agamemnon, olórí ogun àwọn ará Gíríìsì, kó 100. Síbẹ̀, Homer, akéwì tó sọ ìtàn ogun náà, sọ ọ́ kedere pé yàtọ̀ sí Achilles, kò sí jagunjagun tó tó o láàárín wọn. Asà rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀: ìpele awọ màlúù méje, tí wọ́n fi idẹ bo ìkẹjọ, ó ga bí ilé ìṣọ́. Teucer, ọmọ bàbá rẹ̀, tafàtafà ni. Á yọjú láti ẹ̀yìn asà náà, á ta ọfà, á tún sá padà sábẹ́ rẹ̀. Homer ní bí ọmọ ṣe ń sá lọ bá ìyá rẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí i pé asà ni, kì í ṣe ọ̀kọ̀, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ogun. Ìgbèjà ni iṣẹ́ Ajax. Kò sí òòṣà tó ń tẹ̀lé e kiri bí Athena ṣe ń tẹ̀lé Odysseus àti Diomedes, àwọn ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Hector, akọni àwọn ará Troy, gbé iná dé etí omi láti sun àwọn ọkọ̀, Ajax ló ń fò láti orí ọkọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, ọ̀pá ogun gígùn lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pariwo mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ẹ̀yìn kò sí mọ́, òkun ló wà lẹ́yìn. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, asà ti mú èjìká rẹ̀ kú, àtimí dìṣòro, kò kúrò. Ọkùnrin tí kì í yẹ̀ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó padà délé láti Troy, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àwọn kan á ní, àh, alágbára má mèrò ni, òpònú tó sanra. Irọ́ ni. Nígbà tí Achilles ń bínú, tó jókòó sínú àgọ́, tó ní òun kò jagun mọ́, wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ bẹ̀ ẹ́. Odysseus sọ̀rọ̀ dídùn títí. Phoenix, tó tọ́ Achilles dàgbà, pìtàn títí. Ajax kò sọ ju ìwọ̀nba lọ. Ó ní, tí wọ́n bá pa àbúrò ẹni, tàbí ọmọ ẹni pàápàá, ẹni tó pa á á san owó ẹ̀jẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á gbà á, inú rẹ̀ á rọ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbé ìlú kan náà. Ìwọ wá ń bínú lórí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Achilles dáhùn pé gbogbo ohun tí Ajax sọ ló bá òun lọ́kàn mu, ìbínú ni kò jẹ́ kí òun lè gbà.

Ọkùnrin tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Achilles ni ìbínú wá pa nígbà tó yá. Ó mọ ohun tó tọ́. Ó lè fi sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú eré Sophocles pẹ̀lú, Athena fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ló bi Odysseus pé, ta lo mọ̀ tó ní àròjinlẹ̀ ju ọkùnrin yìí lọ, ta ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe lákòókò tó yẹ jù ú lọ? Odysseus ní òun kò mọ ẹnì kankan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká fi àìgbọ́n ṣe àléébù rẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ lójú ogun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ajax àti Hector jà ní ojúkojú, wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àwọn oníkéde sì là wọ́n. Kí wọ́n tó túká, wọ́n fún ara wọn lẹ́bùn. Ajax fún Hector ní ìgbànú elése àlùkò. Hector fún Ajax ní idà tí wọ́n fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Achilles kú nígbà tó yá. Ohun ogun rẹ̀, èyí tí Hephaestus, òòṣà alágbẹ̀dẹ wọn, fúnra rẹ̀ rọ, di ohun tí wọ́n ń du. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó sún mọ́ Achilles jù nínú ogun ni wọ́n máa gbé e fún, ẹjọ́ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn adájọ́ dìbò sí i, ìbò sì gbé e fún Odysseus, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nínú eré yìí, Teucer wo Menelaus, àbúrò Agamemnon, lójú, ó ní ìwọ lo ṣe màgòmágó sí ìbò náà. (Ẹ rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀.) Ibí yìí ni ayé ti yí padà mọ́ Ajax lọ́wọ́. Ó ti gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbi tí ọ̀kọ̀ ti ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní ìbò ló máa sọ ọ́.

Ní òru, ó mú idà, ó jáde lọ láti pa Agamemnon, Menelaus àti Odysseus. Athena da ojú rẹ̀ rú. Ó já wọ agbo ẹran tí wọ́n kó bọ̀ láti ogun, ó ń pa màlúù, ó ń pa àgùntàn, ó ń pa àwọn darandaran, ó rò pé àwọn ọ̀gágun lòun ń pa. Ó wọ́ àwọn tó kù wálé láàyè. Sophocles kò jẹ́ ká fojú fo ohun tó ṣe nínú àgọ́. Àgbò ẹlẹ́sẹ̀ funfun méjì ló mú. Ọ̀kan, ó gé orí rẹ̀, ó gé ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Èkejì, ó dè é mọ́ òpó ní ìdúró, ó sì fi okùn ìjánu ẹṣin tó ká sí méjì nà án, ó ń bú u, ó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Odysseus ni lójú tirẹ̀.

Odysseus tòótọ́ wà níta, ó ń wò ó. Athena pè é pé kó wá wo ọ̀tá rẹ̀, ó ní ẹ̀rín wo ló tún dùn ju kéèyàn fi ọ̀tá rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ? Mo fẹ́ràn ìdáhùn Odysseus. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀tá òun ni lóòótọ́, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe òun, nítorí kì í ṣe ti Ajax nìkan lòun ń rò, ti ara òun náà wà níbẹ̀. Gbogbo àwa tí a wà láàyè kò ju òjìji lọ. Eré náà kò tíì tó ìdá mẹ́wàá, ẹni tí Ajax fẹ́ pa ti di ẹni tó ń káàánú rẹ̀.

Nígbà tí orí rẹ̀ padà sípò, ó bá ara rẹ̀ láàárín òkú ẹran. Kò jẹ, kò mu. Tecmessa, obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ní òun kò gbọ́ kó sunkún rí. Ojo ló máa ń sọ pé ó ń ké. Ní báyìí, ó ń kérora nísàlẹ̀ ọ̀fun bí akọ màlúù. Ẹ sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Kò sọ pé òun kábàámọ̀ pé òun fẹ́ pa ènìyàn o. Ohun tó dùn ún ni pé kò bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló bá ara rẹ̀ gbèrò. Ṣé kí òun padà sílé? Ojú wo ni òun máa fi wo Telamon, bàbá òun, tó ti jagun ní Troy rí, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù, tó sì fi ògo padà wálé? Ṣé kí òun dá nìkan lọ kọlu odi Troy kí òun kú síbẹ̀? Inú àwọn ọmọ Atreus, Agamemnon àti Menelaus, á dùn sí ìyẹn. Ó wá sọ ọ́ pé ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ gbé ayé pẹ̀lú ọlá, tàbí kó kú pẹ̀lú ọlá, kò sí ẹ̀kẹta.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Àwa náà mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Àmọ́ ẹ dúró, nítorí Sophocles kò jẹ́ kó lọ láìgba èsì. Ẹni tó fún un lésì ni Tecmessa, ẹrú ogun, ẹni tí Ajax fúnra rẹ̀ pa ìlú rẹ̀ run. Ó ní: ìwọ lo fi ọ̀kọ̀ wó ìlú mi, àyànmọ́ mìíràn ló mú bàbá àti ìyá mi lọ. Ìlú wo ni mo tún ní yàtọ̀ sí ọ? Lọ́jọ́ tí o bá kú, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á fi agbára mú èmi àti ọmọ rẹ lẹ́rú. Rántí bàbá rẹ tó ti darúgbó. Rántí ìyá rẹ tó ń gbàdúrà kó o bọ̀ láàyè. Ó wá fi èyí tó wúwo jù kún un: oore ló ń bí oore, ẹni tó bá sì gbàgbé oore tí wọ́n ṣe é, kò lè pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà tí Ajax ń fi gbé ikú rẹ̀ gun ẹṣin ni obìnrin yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì dá ojú rẹ̀ kọ ọ́. Ajax ní ọlá wà nínú bí ayé ṣe ń wo ọkùnrin. Tecmessa ní ọlá wà nínú ohun tí ènìyàn jẹ àwọn tó gbójú lé e. Lójú tèmi, Tecmessa ló jàre. Kò rí ọkọ rẹ̀ gbà sílẹ̀ ṣá.

Ajax ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá. Eurysaces ni orúkọ ọmọ náà, asà bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ti gbé e pamọ́ kí bàbá rẹ̀ má bàa ṣèèṣì pa á nínú ìsínwín. Ajax ní, ẹ gbé e wá, bó bá jẹ́ ọmọ mi lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ tútù yìí kò ní bà á lẹ́rù. Ó ní kí orí ọmọ náà sunwọ̀n ju ti òun lọ, kó sì jọ òun nínú gbogbo ohun tó kù. Ó fún un ní asà náà. Àwọn tó wá wòran ní Athens ti gbọ́ ewì Homer láti kékeré, kò sí bí wọn kò ṣe ní rántí Hector nígbà tóun náà gbé ọmọ tirẹ̀. Ìyàwó Hector bẹ̀ ẹ́ bí Tecmessa ṣe bẹ Ajax yìí: bàbá mi kú, ìyá mi kú, ìwọ nìkan ni mo ní. Ọmọ Hector rí ìyẹ́ orí akoto bàbá rẹ̀, ó figbe ta. Hector rẹ́rìn-ín, ó ṣí akoto náà, ó gbé e sílẹ̀, kó tó gbé ọmọ. Ajax kò ṣí ohunkóhun kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ́ ọmọ lára.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó yani lẹ́nu jù nínú eré náà wá, òun náà ló sì mú mi gbà pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló pa ọkùnrin yìí. Ajax jáde láti inú àgọ́ tòun ti idà lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti rọ òun lọ́kàn, àánú opó àti ọmọ òrukàn ti mú òun. Ó ní kò sí ohun tí ọjọ́ pípẹ́ kì í yí padà. Òtútù tó ń da yìnyín sójú ọ̀nà a máa kúrò fún ìgbà ooru tó ń so èso. Òru a máa yà lọ́nà fún ojúmọ́ tó ń gun ẹṣin funfun bọ̀. Ìjì líle a máa jẹ́ kí òkun tó ń kérora sinmi. Oorun pàápàá, alágbára tó ń de gbogbo ènìyàn, a máa tú wọn sílẹ̀. Kí ló dé tí àwa náà kò fi ní kọ́gbọ́n? Ó ní òun ti wá mọ̀ pé kí a kórìíra ọ̀tá níwọ̀n ẹni tó lè di ọ̀rẹ́ lọ́la, kí a sì fẹ́ràn ọ̀rẹ́ níwọ̀n ẹni tó lè di ọ̀tá. Ó ní òun ń lọ sétí òkun láti wẹ ara òun mọ́, kí òun sì ri idà yìí mọ́ ilẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí òun ti gbà á lọ́wọ́ Hector, òun kò rí ire kankan mọ́.

Àwọn ọmọ ogun Salamis, tí wọ́n jẹ́ elégbè nínú eré náà, bú sí ijó. Ọ̀gá wọn ti gbọ́ràn.

Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn fà á: ṣé ó ń purọ́ ni, àbí ó ń sọ òótọ́ tó jinlẹ̀? Èrò mi ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ òótọ́ lójú rẹ̀, àyàfi ohun tó ní òun fẹ́ ṣe. Ó rí òfin ayé kedere ju ẹnikẹ́ni nínú eré yẹn lọ. Ó mọ̀ pé òtútù ń yẹ̀ fún ooru, pé òru ń yẹ̀ fún ọ̀sán. Ó wo ara rẹ̀, ó rí i pé òun kò sí lára ohun tó ń yẹ̀. Asà tí kò yẹ̀ nídìí ọkọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ nínú àgọ́. Wàyí o, kí ni ẹ fẹ́ pe èyí? Bó bá jẹ́ ní ọjọ́ iná ni, ẹ ó pè é ní ìgboyà, ẹ ó sì fi kọrin.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ ìgbéraga fún yín. Ìránṣẹ́ kan sáré dé lẹ́yìn tí Ajax ti lọ. Calchas, aríran àwọn ọmọ ogun, ti fa Teucer sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Ajax jáde nínú àgọ́ lónìí. Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni ìbínú Athena máa fi lé e. Bó bá lè rí ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kó là. Calchas wá sọ ohun tó fa ìbínú náà. Nígbà tí Ajax ń kúrò nílé, bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kó máa wá ìṣẹ́gun, àmọ́ kó máa wá a pẹ̀lú ìrànwọ́ òòṣà. Ajax dáhùn pé, bàbá, pẹ̀lú ìrànwọ́ òòṣà, ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan pàápàá lè ṣẹ́gun; èmi, láìsí wọn náà, màá gba ògo yìí. Lọ́jọ́ mìíràn, Athena dúró tì í lójú ogun, ó ń kì í láyà, Ajax ní, ìyá, lọ dúró ti àwọn yòókù, ibi tí mo bá wà, ogun kò ní já wọlé. Bó bá jẹ́ nílé wa ni, àwọn àgbà á ti máa tàka sórí kó tó parí ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbéraga ni, mi ò jiyàn. Ẹ kàn tún gbólóhùn kejì yẹn kà: ibi tí mo bá wà, ogun kò ní já wọlé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó ń ṣe nídìí ọkọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá máa dúró síbi tí gbogbo ènìyàn ti sá kúrò, ó gbọ́dọ̀ gbà gbọ́ nínú ikùn rẹ̀ pé òun nìkan tó. Bó bá wá gbà á gbọ́ tán, bóyá ni kò ní sọ ọ́ jáde lẹ́nu lọ́jọ́ kan, lójú ẹni tí kò yẹ kó sọ ọ́.

Ìránṣẹ́ náà pẹ́ dé. Ajax ti gbin idà Hector mọ́lẹ̀ létí òkun, ojú rẹ̀ sókè. Ó bẹ Zeus pé kó jẹ́ Teucer ló máa kọ́kọ́ rí òkú òun. Ó bẹ òòrùn pé, nígbà tó bá ń kọjá lókè Salamis, kó dá ẹṣin rẹ̀ dúró kó sọ fún bàbá àti ìyá òun. Ó dágbére fún Salamis, fún Athens, fún àwọn odò Troy tó ti ń fún un lómi mu. Ó ní ọ̀rọ̀ tó kù, àwọn òkú lòun máa bá sọ ọ́. Ó sì ṣubú lé idà náà. Àwọn ará Athens mọ apá kejì gbólóhùn yẹn, nítorí Homer ti kọ ọ́ kí wọ́n tó bí Sophocles: Odysseus dé ilẹ̀ àwọn òkú, ó rí Ajax níbẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ohun ogun yẹn tán nínú rẹ̀. Ajax kò dá a lóhùn. Ó yí padà, ó bá ti ẹ̀ lọ.

Ìwọ̀nba ni mo máa sọ lórí ìdajì eré tó kù, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ráhùn pé ó sú wọn. Ìjà lórí ìsìnkú ni. Menelaus ní kí wọ́n ju òkú náà fún ẹyẹ etí òkun. Agamemnon dé, ó ń bú Teucer pé ẹrú ogun ló bí i. Teucer bi í pé ta ló dúró nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí iná ń jó. Àfi bí Odysseus ṣe yọ. Ó ní ọ̀tá òun ni Ajax, òun sì kórìíra rẹ̀ nígbà tó yẹ kí òun kórìíra rẹ̀. Àmọ́ yàtọ̀ sí Achilles, Ajax ló dára jù nínú gbogbo àwọn tó wá sí Troy, kò sì bófin mu láti tẹ́ òkú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ajax sọ nípa ọ̀tá tó ń di ọ̀rẹ́, tí kò lè ṣe, Odysseus ló wá ṣe é. Agamemnon gbà láìfẹ́. Teucer dúpẹ́ lọ́wọ́ Odysseus, ó sì ní kó jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan òkú náà, kó má lọ jẹ́ ohun tí inú òkú kò dùn sí. Mo fẹ́ràn Teucer fún ìyẹn. Ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ rántí ta ló wá ń wo èyí. Ní nǹkan bí 508 ṣáájú ìbí Jésù, Cleisthenes pín àwọn ará Athens sí ẹ̀yà mẹ́wàá, ó sì fi orúkọ Ajax sọ ọ̀kan nínú wọn. Ní 480, kí wọ́n tó bá àwọn ará Páṣíà jà lójú omi Salamis, Herodotus òpìtàn ní wọ́n ké pe Ajax àti Telamon pé kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n ya ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀tá sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá mọ Ṣàngó, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń wí pé ọba kò so, kò ní béèrè bí ẹni tó kú irú ikú yẹn ṣe di ẹni àpèsìn. Níbi ọdún Dionysus, òòṣà wọn, tí wọ́n ti ń ṣe eré wọ̀nyí, wọ́n máa ń tò àwọn ọmọ tí bàbá wọn kú sójú ogun jáde, àwọn tí ìlú tọ́ dàgbà, nínú ohun ogun tí ìlú fún wọn. Ẹ fi Eurysaces kékeré tòun ti asà bàbá rẹ̀ sí iwájú irú èrò bẹ́ẹ̀. Sophocles fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun pẹ̀lú Pericles, aṣáájú Athens, ní 441 sí 440, nígbà ogun Samos. Kì í ṣe àléébù àlejò kan ló ń tú fún wọn.

Láti 2008 ni Bryan Doerries, olùdarí eré ará Amẹ́ríkà, ti ń kó àwọn òṣèré jọ lọ ka eré yìí fún àwọn sójà Amẹ́ríkà àti àwọn ìyàwó wọn, àwọn tó bọ̀ láti Iraq àti Afghanistan. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á ní kí èrò sọ̀rọ̀. Níbi àkọ́kọ́, ìyàwó sójà kan dìde, ó ní gbogbo ìgbà tí ọkọ òun bá ti ogun dé ló máa ń wọ́ òkú tí ẹnikẹ́ni kò rí wọ ilé, bíi ti Ajax. Kò sí ẹni tó kọ́ obìnrin yẹn ní ohun tó ń jẹ́ àléébù akọni. Tecmessa ló gbọ́.

Ẹnì kan ti kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi kí n tó dìde: ṣé Odysseus wá ni Sophocles fẹ́ ká fi ṣe àwòkọ́ṣe, ẹni tó lè tẹ̀? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ní 409 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, Sophocles tún gbé Odysseus jáde nínú *Philoctetes*, eré yẹn sì gba ipò kìíní. Níbẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ Achilles, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ irọ́ pípa, bó ṣe máa tan arọ kan jẹ láti gba ọrun lọ́wọ́ rẹ̀, arọ tí àwọn fúnra wọn ti já sílẹ̀ sí erékùṣù láti ọdún mẹ́wàá. Ó sọ ọ́ láìtijú pé irú ènìyàn tí àsìkò bá ń fẹ́, irú rẹ̀ lòun. Ọwọ́ tó rọ̀ tó sin Ajax ló ń ṣe èyí náà. Ọmọ Achilles kọ̀ nígbẹ̀yìn, ó dá ọrun padà fún olówó rẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ó ti rí agídí yẹn, ẹ tún lọ wo àwọn tó bá bàbá rẹ̀ jagun.

Mo ti gbà ju àkókò mi lọ. Ẹ gbé gbohùngbohùn lọ sẹ́yìn níbẹ̀, mo rí ọwọ́ méjì.